Báwo ni mímú iṣan ara dẹ̀ ṣe ń fún ọkàn ní ìsinmi?

Bí àníyàn bá wọ ènìyàn lára, kì í ṣe ọkàn nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀. Èjìká á le, ọrùn á máa ro ó, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi eré ìdárayá, orin àti iṣẹ́ ọwọ́ tọ́jú aláìsàn fi máa ń gba ọ̀nà ara lọ bá ọkàn.

Ta ni ó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀?

Dókítà Edmund Jacobson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1929. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ru ẹrù kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn á kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ mú iṣan rẹ̀ le, kí ó lè mọ ìyàtọ̀ nígbà tí ó bá dẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é?

Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀ níbi tí ariwo kò sí. Ẹ ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín kò, kí ó le fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ó dẹ̀. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí itan, ikùn, ọwọ́, èjìká, títí dé iwájú orí. Ẹ má ṣe sé èémí. Ẹ máa mí wọlé, mí síta, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 15 tó.

Ta ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra?

Ẹni tí ó fara pa, tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ẹni tí ìrántí búburú ń dé bá bí ó bá dijú lè la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí kò sì rọ́pò oògùn. Ní Arò, Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti ṣètò ìtọ́jú láàárín abúlé ní àwọn ọdún 1950, àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ ará abúlé, síbẹ̀ wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àrùn ọpọlọ kò gbọdọ̀ tìtorí pé ara tù ú dá a dúró. Bí àìsùn tàbí ìbànújẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ lọ rí onímọ̀ ìlera.

Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́ nígbà tí ara bá balẹ̀, kí ó má baà jẹ́ ọjọ́ tí ìdààmú dé ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ.