Tógò àti Bẹ̀nẹ̀: Kí Ló Mú Kí Ọmọ Bíbí Dínkù Níbì Kan Ṣáájú Ìkejì?

Ní Hilacondji, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ sí Tógò, wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró nítorí ìwé ìrìnnà èrò kan tí kò pé. Ìyá àgbà kan ló jókòó tì mí, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tó ti ń ra aṣọ ní Lomé wá tà ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Bí a ṣe ń retí kí wọ́n dá wa sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ òun lọ́kàn tipẹ́. Àwọn oníbàárà òun ní Lomé, tí wọ́n bá ti bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á ní ó tó. Àwọn ọmọ òun obìnrin nílé ti bí mẹ́fà-mẹ́fà, wọn ò sì tíì sọ pé àwọn ṣe tán. Ó ní nígbà tí mo jẹ́ oníwèé ìròyìn, kí n sọ ohun tó fà á fún òun.

Kí n tó lanu, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ifẹ̀ Àná láti apá Atakpamé, yíjú sí wa láti ìjókòó iwájú. Ó ní, “Màmá, ìyà ló fà á.” Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, “Rárá o, ọmọ mi, ọgbọ́n ni.” Àríyànjiyàn yẹn kò tán títí a fi wọ Lomé, òun ló sì sún mi dé ìdí ìwádìí yìí.

Ìtàn orílẹ̀-èdè méjèèjì jọra púpọ̀. Jámánì ló kọ́kọ́ gba Tógò ní 1884, Faransé gba Dàhọ̀mì ní 1894, Faransé tún jogún apá tó pọ̀ jù nínú Tógò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn méjèèjì gba òmìnira ní 1960, Dàhọ̀mì sì di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Owó séfà kan náà ni wọ́n ń ná. Òfin Faransé ti ọdún 1920, tó ka títa oògùn ìdènà oyún àti ìpolongo rẹ̀ léèwọ̀, ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2003 ni Bẹ̀nẹ̀ tó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìlera ìbímọ, Tógò sì tẹ̀ lé e ní 2007. Bí ènìyàn bá wo ìtàn yìí nìkan, yóò rò pé bákan náà ni ọmọ bíbí yóò ṣe máa lọ ní ìhà méjèèjì odò Mono.

Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Tógò ní 1988, iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan yóò bí, tó bá bímọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń bí lákòókò náà, jẹ́ 6.4. Nígbà tó fi di 1998, ó ti bọ́ sí 5.2. Ní 2013 sí 2014, ó di 4.8. Ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí ọmọ mẹ́fà ni ní 1996, 5.6 ní 2001, 5.7 ní 2006, 4.9 ní 2011 sí 2012, ó sì tún padà sí 5.7 ní 2017 sí 2018. Tógò ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ń sọ̀, ó tún ń gòkè.

Ìkànìyàn fi àyọrísí rẹ̀ hàn. Bẹ̀nẹ̀ ní ènìyàn mílíọ̀nù 3.3 ní 1979. Nígbà tó fi di 2013, wọ́n ti lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 10. Ọdún 34 ni wọ́n fi di ìlọ́po mẹ́ta. Tógò ní mílíọ̀nù 2.7 ní 1981, mílíọ̀nù 8.1 ni wọ́n kà ní 2022, ìlọ́po mẹ́ta náà ni, ṣùgbọ́n ọdún 41 ni ó gbà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti tíṣà, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ. Ó ní láàárín 1988 sí 1998 tí ọmọ bíbí já wálẹ̀ jù ní Tógò, ọdún wàhálà ni. Ní oṣù kọkànlá 1992, ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ nítorí ìjà ìṣèlú láàárín ìjọba Ààrẹ Eyadéma àti àwọn alátakò. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kó tó parí. Ilé-ẹ̀kọ́ tì, ọjà tì, owó oṣù kò wọlé. Ọ̀pọ̀ ará Lomé kó ẹrù sálọ sí Gánà àti sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1993. Kí wọ́n tó mí, oṣù kìíní 1994 dé, wọ́n gé iye séfà sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà, ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá sì di ọ̀wọ́n. Tíṣà ní ọkùnrin wo ló máa wo ilé tí kò sí oúnjẹ, kó tún ní kí ìyàwó òun lóyún? Ó ní àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí, àmọ́ kò yanjú tán. Bẹ̀nẹ̀ náà jẹ ìyà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, báǹkì tí ìjọba Ààrẹ Kérékou ní dẹnu kọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà, àwọn tíṣà yanṣẹ́ lódì, títí ọ̀ràn náà fi dé ìpàdé àpérò gbogbogbòò ti oṣù kejì 1990 ní Kútọnu. Ìgéwó séfà ti 1994 kàn wọ́n gẹ́gẹ́ bó ṣe kan Tógò. Bí ebi nìkan bá ló ń dín ọmọ bíbí kù, ó yẹ kí ti Bẹ̀nẹ̀ náà já wálẹ̀ bí ti Tógò.

Ìyá àgbà ti mọ ìdáhùn tirẹ̀ tipẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ gbá itan bó ṣe ń sọ ọ́: àwọn Nana Benz ló kọ́ Lomé lọ́gbọ́n. Àwọn obìnrin aláṣọ ayé ìgbà kan ni wọ́n, tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù láti máa nìkan ta bátánì àǹkárá kan pàtó, tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ń wá bá wọn rà á ní ọjà ńlá Lomé. Owó wọn pọ̀ tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n máa ń sọ pé ìjọba Tógò a máa yá ọkọ̀ wọn tí àlejò ńlá bá dé. Ìyá ní òun rí wọn lójú ara òun. Tí o bá dé ìsọ̀ wọn láàárọ̀, obìnrin náà ti jókòó lórí àpótí, ìwé owó lórí itan, ó ń pe nọ́ńbà bátánì láti orí láìwo ibì kan, ọmọdébìnrin sì ń fa aṣọ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò ní àyè láti máa bímọ lọ́dọọdún. Ọmọ tó bá bí, yóò rán an lọ sí ilé-ìwé tó dára, òmíràn títí dé òkè òkun. Àwọn ọmọ ọjà tó ń wò wọ́n fẹ́ dà bíi wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọmọ tí owó ọwọ́ wọn lè kọ́ níwèé.

Tíṣà ní kí Màmá má bínú, pé àwọn Nana Benz kò pọ̀ tó láti yí orílẹ̀-èdè kan padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó gbe ìyá lẹ́yìn: bí Lomé ṣe tóbi tó nínú Tógò. Nínú ìkànìyàn 2022, ẹni kan nínú mẹ́rin, ó tún lé díẹ̀, ló ń gbé Lomé àti àyíká rẹ̀. Kò sí ìlú kan ní Bẹ̀nẹ̀ tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí orílẹ̀-èdè náà. Kútọnu kò tó mílíọ̀nù kan ní 2013, Àjàṣẹ́, Abomey-Calavi àti Parakou ló ń bá a pín èrò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì, ìlú ńlá etí òkun ni ọmọ bíbí ti kéré jù, ìhà àríwá ló sì ti pọ̀ jù. Ohun tí obìnrin Lomé bá ṣe yóò hàn nínú àkọsílẹ̀ Tógò kíákíá.

Èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tún dá tirẹ̀ sí i, ó ní ìbejì ló mú Bẹ̀nẹ̀ pọ̀. Lóòótọ́, nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 lórí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, Bẹ̀nẹ̀ ló ṣíwájú nínú bíbí ìbejì, nǹkan bí 28 nínú ìbí 1,000. Gbogbo wa tí a jẹ́ Yorùbá mọyì ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kò fi ọmọ mẹ́ta kún ọgọ́rùn-ún ìbí. Ẹ̀jìrẹ́ kọ́ ló ń ṣe é.

Ibi tí àríyànjiyàn ti le jù láàárín àwọn onímọ̀ ni 4.9 ti Bẹ̀nẹ̀ ní 2011. Ṣé lóòótọ́ ni àwọn obìnrin dín ọmọ kù, tí wọ́n wá tún yí padà, àbí ìkà ni kò péye? Ẹ wo bí ìwádìí ṣe ń lọ. Ọmọbìnrin kan dé agboolé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi, ó ń bi ìyá ọlọ́mọ pé ọmọ mélòó lo bí, mélòó ló wà láàyè, mélòó ló kú, mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọjọ́ wo lo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọmọ kan kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, ìbéèrè mìíràn tún wà lórí rẹ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú, ìgbẹ́ gbuuru, ibà. Oòrùn ń mú, ilé mìíràn ṣì wà níwájú. Àwọn olùṣèwádìí kan máa ń sọ ọmọ ọdún mẹ́rin di ọmọ ọdún mẹ́fà nínú ìwé, kí wọ́n lè fo ìbéèrè yẹn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí láìpẹ́ yóò dínkù lórí ìwé, yóò sì dà bí ẹni pé obìnrin ń sinmi. Ìyá ọlọ́mọ náà ní ohun tirẹ̀ tó ń pa mọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ nílẹ̀ wa. Ọmọ tó kú, ẹnu kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni mi ò ṣe gbà pé Bẹ̀nẹ̀ sọ̀ tó tún gòkè. Ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé ọmọ bíbí níbẹ̀ ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìyí padà, pé àwọn méjèèjì ti wà láàárín 4 àti 5 báyìí, Bẹ̀nẹ̀ ṣì wà lókè.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀ràn Tógò ni pé kì í ṣe oògùn ilé ìwòsàn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1998 tí ọmọ bíbí ti já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ilé ọkọ tó ń lo ìlànà ìgbàlódé kò tó 10 nínú 100. Àwọn tó ń ka ọjọ́ tí wọ́n sì ń takété sí ọkọ wọn pọ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tó fi di 2013, àwọn tó ń lo ti ìgbàlódé ní Tógò di 17 nínú 100. Ní Bẹ̀nẹ̀, 12 péré ni ní 2017. Bẹ́ẹ̀, láti àwọn ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí ti wà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Èyí mú mi rántí àwọn ìyá wa. Kí abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró ìdènà oyún tó dé, abiyamọ kì í sún mọ́ ọkọ títí ọmọ yóò fi rìn, tí yóò fi já lẹ́nu ọmú, ọdún méjì sí mẹ́ta nígbà mìíràn. Wọ́n gbà pé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi ọmú yóò bàjẹ́, ọmọ yóò sì rù. Ìyá ọkọ ló ń ṣọ́ ọ, yàrá rẹ̀ sì ni abiyamọ ń sùn. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970 ṣì bá a níbẹ̀, bákan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń ṣe. Ọmọ pọ̀ nígbà náà, lóòótọ́, nítorí ikú ń mú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í gorí ara wọn. Lónìí, ìyá ọkọ wà ní abúlé, tọkọtaya wà ní yàrá kan ní ìlú, wàrà agolo wà lórí tábìlì, oyún mìíràn sì ti dé kí ọmọ tó dìde dúró. A ju ti àwọn ìyá wa nù kí a tó gba ti ilé ìwòsàn mú.

Ní tèmi, ibi tí Tógò ti yàtọ̀ nìyẹn. Ó jọ pé obìnrin Lomé di ọgbọ́n àtijọ́ náà mú pẹ́ ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, ó kàn yí ìdí rẹ̀ padà, láti orí omi ọmú bọ́ sórí owó ilé-ìwé. Ó sì ní owó ara rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ó lè sọ fún ọkọ pé rárá. Bẹ̀nẹ̀ mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní 2006, Tógò ní 2008. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn náà ti dín ẹ̀rù ọmọ púpọ̀ kù, tàbí kó ti mú kí àwọn ọmọbìnrin pẹ́ ní ilé-ìwé kí wọ́n tó lọ́kọ. Bí àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ bá ń rí ọjà tà, tí owó ọjà náà sì ń dúró lọ́wọ́ wọn, mo gbà pé wọn yóò bá Lomé, kò sì ní jẹ́ ìyà ni yóò gbé wọn débẹ̀. Tíṣà jàre lórí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà ló jàre lórí ohun tó mú un dúró.