Ehoro Ilé Kì í Ṣe Ehoro Oko: Àlàyé lórí Bíbọ́ àti Títọ́jú Ọmọ Ehoro

Ó lè ya àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ehoro ní àpérò ẹ̀ka yìí. Ìdí rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ láàrin ara wa pé kò sí ìmọ̀ tí a kò lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ní láti dán an wò lórí ohun kékeré kan tí ojú lè rí tí ọwọ́ sì lè tó. Èkejì ni pé ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo ra ọmọ ehoro kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ karùn-ún. Ebi kò pa á, òùngbẹ kò gbẹ ẹ́, ológbò kò sì fi ẹnu kàn án. Oúnjẹ ni ó pa á, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé oúnjẹ náà fún un.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú bébà yìí ni pé orúkọ tí a ń pe ẹranko yìí wà lára ohun tí ń ṣì wá lọ́nà nípa ìtọ́jú rẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ lórí ehoro tí a ń sìn fún pípa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àlàyé wa kan òun náà. Ehoro kan tàbí méjì tí ènìyàn ń sìn nínú ilé nítorí ìfẹ́ rẹ̀ ni a ní lọ́kàn.

1. Orúkọ kan, ẹranko méjì

Ẹranko tí àwọn baba wa ń pè ní ehoro ni ti inú ọ̀dàn, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹranko kà mọ́ ìdílé Lepus. Kì í gbẹ́ ihò. Inú koríko ni ó ń ba sí, eré sísá sì ni agbára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ a máa wá sáyé pẹ̀lú irun lára àti pẹ̀lú ojú lílà, kì í sì í pẹ́ kí ó tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọdẹ tí ó bá rí i lábẹ́ koríko kò ní ṣàìsọ pé ẹranko tí ó gbọ́n láti inú wá ni.

Èyí tí ó wà nínú àgò lẹ́yìnkùlé wa lónìí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Oryctolagus cuniculus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Ilẹ̀ Sípéènì, ilẹ̀ Potogí àti apá gúúsù ilẹ̀ Faransé ni orírun rẹ̀, àwọn Òyìnbó ni wọ́n sì mú un káàkiri ayé. Ihò ni òun ń gbẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 31 tí abo rẹ̀ bá ti lóyún, a bí àwọn ọmọ níhòòhò, ojú wọn á dì, etí wọn á lẹ̀ mọ́ orí, wọn kò sì ní yàtọ̀ sí ọmọ òkété lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ó tó bí ọjọ́ 10 kí ojú wọn tó là.

Nígbà tí ẹranko àjèjì yìí dé, orúkọ ti àtijọ́ ni a fi kí i káàbọ̀. A kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Etí méjèèjì gùn, ìrù méjèèjì kúrú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ máa ń tẹ̀lé orúkọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ ehoro a máa dá dúró láìpẹ́ ọjọ́ yóò wo ọmọ ehoro ilé tí ó pé ọ̀sẹ̀ 3, yóò rí i pé irun ti bò ó, pé ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, pé ó tilẹ̀ ń gé koríko jẹ, yóò sì gbà pé ó ti tó yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ta tèmi wí fún mi gan-an nìyẹn: "Ó ti gbó, ẹ̀gbọ́n, ó ti ń jẹ koríko." Kò purọ́. Ó ń jẹ koríko lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmú ni ó ṣì ń gbé e ró.

2. Ohun tí ń bẹ nínú ikùn rẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ìyá ehoro ilé kì í sùn ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sábà máa ń fún wọn ní ọmú láàrin wákàtí 24, ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni ó sì ń gbà á. Lẹ́yìn èyí, á fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìtẹ́, kí òórùn rẹ̀ má baà fa ọ̀tá wá bá wọn. Àwọn tí kò mọ èyí a máa pariwo pé ìyá ti kọ ọmọ, wọn a sì sáré lọ ṣí mílíìkì inú agolo. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ikùn ọmọ náà. Bí ó bá yọ róbótó, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ó ti mumú.

Nínú ikùn ehoro tí ó ti dàgbà, omi kíkan kan wà tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó bá bá oúnjẹ wọlé. Ọmọ ehoro kò tíì ní irú rẹ̀. Ọ̀rá inú wàrà ìyá rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún un. Bí a bá wá já a lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, ààbò ti wàrà ti lọ, ààbò ti omi kíkan kò sì tíì dé. Àárín ìgbà méjì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú sí.

Síwájú sí i, ehoro ní àpò ńlá kan ní ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá. A ó máa pè é ní àpò ìfun. Nínú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wúlò ti ń sọ koríko di oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò. Ìyá tí ó bá mọ iṣẹ́ ògì mọ̀ pé ìkòkò tí ó ti dọ́gba kì í fẹ́ kí a máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpò ìfun. Koríko ni ó ń mú un dọ́gba. Bí oúnjẹ oníyẹ̀fun tàbí ohun dídùn bá ṣàdédé ya wọ inú rẹ̀, àwọn kòkòrò búburú á pọ̀ ju ti rere lọ, májèlé wọn á tàn, inú á wú, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e. Ehoro kò sì lè bì. Ohun tí ó bá ti gbé mì, ó di dandan kí ó gba ìsàlẹ̀ jáde.

Ìwé Léfítíkù, orí 11, ka ehoro mọ́ àwọn ẹranko tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí ehoro kò ní ikùn alápá mẹ́rin bí ti màlúù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ehoro yóò rí i pé ó máa ń tẹ orí wọ abẹ́ ara rẹ̀, á sì máa jẹnu láìsí oúnjẹ níwájú rẹ̀. Ìmí rírọ̀ kan tí ó ti inú àpò ìfun wá ni ó ń gbà ní ìdí ara rẹ̀, tí ó ń gbé mì. Èròjà ara-líle àti fítámì wà nínú rẹ̀. Nínú èyí, ti ilé àti ti oko kò yàtọ̀ síra. Àbá wa ni pé kí a pe èyí ní "ìmí àjẹtún", kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìmí gbígbẹ róbótó tí a ń gbá dànù. Ẹni tí ó bá ń lé ehoro rẹ̀ kúrò nídìí àṣà yìí nítorí ìríra ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí mo fún tèmi: búrẹ́dì tí mo rẹ sínú mílíìkì, ìrẹsì tí ó ṣẹ́ kù, àti kárọ́ọ̀tì odidi méjì, nítorí àwòrán inú ìwé ọmọdé ti kọ́ mi pé kárọ́ọ̀tì ni oúnjẹ ehoro. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

3. Bí ó ti yẹ kí a bọ́ ọ

Àwọn tí ń sìn ín fún títà a máa já a lẹ́nu ọmú láàrin ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tí ó fẹ́ sìn ín nínú ilé kò ní ìdí kankan láti kánjú. Kí ó dúró di ọ̀sẹ̀ 8. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á ni ohun tí ó ń jẹ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí a sì bù lára oúnjẹ náà lọ sílé. Kò yẹ kí a yí i padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí a máa fi oúnjẹ tuntun kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Koríko ni olórí, ó sì gbọdọ̀ wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Eéran àti gbégi dára, pàápàá bí a bá sá wọn sí abẹ́ òjìji títí wọn yóò fi gbẹ. Yàtọ̀ sí ikùn, eyín tún ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo eyín ehoro ni kì í ṣíwọ́ dídàgbà, rírún koríko ni ó sì ń jẹ wọ́n kù. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ, tí àwọn ẹlẹ́ran ń tà, dára fún ọmọ tí ó ń dàgbà, ṣùgbọ́n kí a dín in kù lẹ́yìn oṣù 6. Nínú ewé tútù, yúnyún àti ewé ọ̀dùnkún jẹ́ èyí tí a mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ wa. Ewé kan ṣoṣo ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n kékeré, kí a sì wo ìmí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì kí a tó fi òmíràn kún un. Kí a má já ewé ní ibi tí ajá ń tọ̀ sí tàbí ibi tí wọ́n fín oògùn sí, kí a má sì fún un ní ewé tí ó ti gbóná nínú àpò.

Oúnjẹ oníhóró tí a ń rà lọ́jà wúlò, ṣùgbọ́n àfikún ni. Nígbà tí ehoro bá ti dàgbà, 25 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara rẹ̀ tó fún un lójúmọ́. Kárọ́ọ̀tì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ ìpanu fún àgbà. Ẹnu ọmọ kò tíì gbà á. Ewé píà, àlùbọ́sà, ṣokoléètì àti ewé ẹ̀gẹ́ tútù jẹ́ májèlé fún un. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n. Nínú àwo amọ̀ tí ó wúwo ni ó sàn kí ó wà, nítorí ehoro a máa da àwo nù bí ẹni ń ṣeré.

4. Ibùgbé, ooru àti oògùn

Ehoro kì í làágùn. Etí rẹ̀ ni ó fi ń lé ooru jáde, ara rẹ̀ kò sì gba ohun tí ó bá ju 30°C lọ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, àgò tí a fi páànù bo láìsí òjìji igi yóò di ààrò fún un ní oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì. Bí ó bá ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, kí a fi omi tútù, tí kì í ṣe ti yìnyín, ra á ní etí, kí a sì gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ní alẹ́, ìjàlọ ni kí a bẹ̀rù jù; ẹsẹ̀ àgò tí a gbé sínú agolo omi ni ìdáàbòbò tí ó rọrùn jù.

Gbígbá àgò lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òórùn nìkan. Àrùn coccidiosis, tí ó burú fún àwọn ọmọ, inú ìmí ni ẹyin rẹ̀ ń bá jáde, ó sì máa ń tó bí ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyin náà tó lágbára láti ran ẹlòmíràn. Ìgbálẹ̀ òwúrọ̀ ń ṣáájú rẹ̀.

A kì í fi etí gbé ehoro. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá rọ̀ sílẹ̀ tí ó sì ta á, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè kán.

Nípa ti oògùn, ọ̀kan wà tí a kò lè ṣàìkìlọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹran bá ṣàìsàn, kíá ni a ń tú kápúsù oníbejì àwọ̀ sínú omi rẹ̀. Ampicillin àti amoxicillin tí ehoro bá gbà ẹnu jẹ a máa pa àwọn kòkòrò rere inú àpò ìfun, àwọn búburú á sì gba ilé. Mo ti fún tèmi ní ìdajì kápúsù ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin. Ní òwúrọ̀, ó ti le gan-an.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo ra òmíràn, ó pé ọ̀sẹ̀ 8, mo sì gba àpò koríko kan pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Láràárọ̀, kí n tó wo ojú rẹ̀, ìmí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá tóbi, tí ó gbẹ, tí ó sì dọ́gba, ara le. Bí ó bá kéré tàbí tí ó bá rọ̀, mo máa ń yọ ewé tútù kúrò, kí ó kù koríko gbígbẹ àti omi. Bí kò bá sì fi ẹnu kan oúnjẹ fún wákàtí 12, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mo ń gbé e lọ láìdúró de ilẹ̀ kí ó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyẹn tíì ṣẹlẹ̀.