Àga Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Àga Lásán

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sórí ètò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀, yóò ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kí òun gbọ́, yóò yẹ táyà wò, yóò sì tẹ fèrè wò bóyá ó ń dún. Ṣùgbọ́n àga tí yóò jókòó lé, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò wò. Bí ó bá ń dán, ó parí. Bẹ́ẹ̀ àga yìí ni ara ènìyàn kì í kúrò lé lórí láti ìgbà tí ó ti wọ ọkọ̀ títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ìbàfò àti Mowé, tàbí tí ó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́ dé Ìfọ̀, yóò ti rí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Abẹ́ páànù lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́dà tí a ká bí ẹní, fóòmù tí a tò jọ, àti egungun àga tí a ti bọ́ láṣọ. Àwọn ni wọ́n ń tún inú ọkọ̀ wa ṣe. Ohun tí a fẹ́ wádìí ni ohun tí àga náà jẹ́ gan-an, àti ìdí tí iṣẹ́ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí fi ti kúrò ní iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ nìkan.

Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, káfíńtà ni ó ń ṣe inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì àti férémù Bedford ni ó ń ti òkè òkun wá. Pákó ni a fi ń kan ara rẹ̀ níhìn-ín, pákó náà ni a sì fi ń kan bẹ́ńṣì inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ nínú rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ròyìn ìrìn àjò náà fún ará ilé. Nígbà tí mólúè dé, àwọn ajórin wa ni wọ́n ń mọ ilé irin lé orí férémù ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911, tí wọ́n sì ń jó irin àga mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí orí rẹ̀.

Fóòmù ni ó tu ìbàdí lára. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Otto Bayer, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1937. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó tó di ohun tí a ń fi ṣe tìmùtìmù káàkiri ayé. Ní 1962 ni a dá ilé-iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí a ti ń ṣe búrẹ́dì kò ní pẹ́ mọ bí a ti ń ṣe é. Oògùn olómi méjì ni a ń pò pọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé, ooru á mú, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú wọn, gbogbo rẹ̀ á sì wú bí ìyẹ̀fun tí a fi yíìsì sí. Ihò kéékèèké tí atẹ́gùn náà fi sílẹ̀ ni ó ń mú kí fóòmù rọ̀, kí ó sì máa padà sí ipò rẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe é, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Èyí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, ńṣe ni a ń jẹ́ kí ó wú di òkìtì gbọọrọ, tí a óò wá fi ọ̀bẹ gé sí ìwọ̀n tí a bá fẹ́. Ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀dà irin tí ó ní àwòrán àga gan-an ni ilé-iṣẹ́ ń da oògùn náà sí, tí yóò wú kún un, tí yóò sì jáde pẹ̀lú ibi ìdí, ibi itan àti ibi ẹ̀yìn, ibòmíràn le, ibòmíràn rọ̀. Bí oníṣẹ́ wa bá ju èyí nù, tí ó gé ti bẹ́ẹ̀dì fi dípò, àga náà yóò wuyì fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò rì bí ẹrẹ̀. Ní gbogbogbòò, bí fóòmù méjì bá tóbi bákan náà, èyí tí ó wúwo jù ni ó ń pẹ́ jù. Mo ní ní gbogbogbòò, nítorí pé a lè lú ẹfun mọ́ fóòmù kí ó lè wúwo lọ́wọ́, tí kò sì ní lágbára kankan.

Ohun tí àwa ń pè ní lẹ́dà kì í ṣe awọ màlúù. Aṣọ ni, tí a fi ike kùn lójú. Ike yẹn le fúnra rẹ̀. Òróró kan ni a ń fi sí i kí ó lè rọ̀. Bí oòrùn bá ń pa ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀, òróró náà yóò máa fò lọ díẹ̀díẹ̀. Òun ni ó ń di kùrukùru sára gíláàsì iwájú láti inú, òun náà ni ó fà á tí lẹ́dà olówó pọ́ọ́kú fi ń sán ní ojú rírán.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń wá ohun mìíràn lọ. Ní 2008 Ford fi òróró ẹ̀wà sóyà rọ́pò díẹ̀ nínú òróró ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù àga ọkọ̀ Mustang. Àwọn ará Jámánì àti Japan ń fi okùn ara igi lọ́lù mọ́ ike láti ṣe pátákó inú ilẹ̀kùn ọkọ̀, nítorí pé ó fúyẹ́. Ọ̀kan nínú irúgbìn wọ̀nyí ni kẹ́náfù, ìbátan ìṣápá wa. Òmíràn ni júùtù, tí ewédú tí a ń fi jẹ ọkà jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi rẹ̀ gan-an. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ́náfù láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ewédú dé ojú ọ̀nà òkè òkun gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí àwa tó rò ó kọjá inú àwo ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, tí Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Lẹ́yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, Tòkunbọ̀ sì gba ipò rẹ̀. Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí ó ń ná Ìbàfò àti Mowé, ẹrù ni a fi ń kó ní òkè òkun; wọ́n dé etíkun wa láìní àga lẹ́yìn. Ajórin ni ó ń fún wọn ní àga, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe mólúè ṣáájú rẹ̀.

Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá jó ẹsẹ̀ àga mọ́ páànù lásán, yóò dúró gbọn-in bí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, èrò mẹ́rin tí ó wà lórí àga náà yóò fi gbogbo agbára tì í síwájú, páànù yóò ya, àga àti èrò yóò sì jọ wó lu àwọn tí ó wà níwájú. Ohun tí ó yẹ kò nira: irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn ni kí a fi sí abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kí a fi bóòtù ńlá dè é mọ́ ẹsẹ̀ àga láti òkè. Iye tí yóò fi kún owó iṣẹ́ kò pọ̀.

Iná ni èkejì. Fóòmù tí a kò fi oògùn adẹ́kun-iná sí a máa jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì lè pa ènìyàn kí ọwọ́ iná tó kàn án. Láti 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ohunkóhun tí a bá fi ṣe inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jó ju mílímítà 102 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀n yẹn fi díẹ̀ ju gígùn ìka ọwọ́ kan lọ. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni a fi ń wá ẹ̀mí níbẹ̀. Fóòmù tí a gé fún bẹ́ẹ̀dì kò ṣe ìlérí yìí fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń rí awakọ̀ tí ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù sí abẹ́ àga èrò. Èmi kò mọ orúkọ tí ènìyàn lè fún irú ìwà bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó jẹ́ tuntun jù, òun ni mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fetí sí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní 1994 ni Volvo kọ́kọ́ fi àpò afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀gbẹ́ àga, láti dáàbò bo ìhà ènìyàn bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlu ọkọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Lónìí, púpọ̀ nínú ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tí a ń wà ní Mowé ni ó ní in. Àpò náà ká jọ sínú àga, níhà ilẹ̀kùn. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ti já ojú rírán àga náà kí ó sì kún. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ ṣe fi òwú tí kò lágbára rán ojú ibẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀: wọ́n fẹ́ kí ó já.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ gan-an, tí ó fi òwú tí ó yi rán lẹ́dà tuntun bo àga yẹn fínnífínní, ti di àpò náà mọ́lé. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára tó ni ewu náà ṣe pọ̀ tó. Àpò náà lè má jáde, ó sì lè gba ibi tí kò yẹ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá: ohun kan wà lábẹ́ fóòmù rẹ̀ tí ó ń wọn ìwúwo ẹni tí ó jókòó, òun ni ó ń sọ fún ọkọ̀ bóyá kí àpò iwájú jáde tàbí kí ó má jáde. Bí a bá fi fóòmù kún un, tàbí tí a yọ ọ́ jù sí kọ̀rọ̀, àgbàlagbà lè di ọmọdé lójú ọkọ̀.

Kò sí ẹ̀bi tí a fẹ́ kà sí àwọn oníṣẹ́ wa lọ́rùn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn ni wọ́n ń ṣe. Ọkọ̀ ni ó yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí oníbàárà àti oníṣẹ́ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ àga níhà ilẹ̀kùn. Bí a bá rí àmì tí a kọ AIRBAG sí, kí a fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ ti rán an, tàbí kí a lo aṣọ àga tí a dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún irú ọkọ̀ náà gan-an. Bí a bá sì fẹ́ tú àga, tí a rí wáyà tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á yọ. Kí wọ́n pe rẹ́wáyà tí ó mọ̀ nípa àpò afẹ́fẹ́, kí ó tú orí bátìrì, kí ó sì ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iná tí ó kù nínú wáyà tó tán, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun.