Omi Tó Mọ́ Gaara Nínú Ihò Kùsà

Ọ̀rọ̀ galamsey, ìyẹn wíwa wúrà láìgbàṣẹ ní Ghana, tún ti gbòde, a sì ti rí àwòrán odò Pra, bí omi rẹ̀ ṣe di ẹrẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ omi ibẹ̀ kéde pé ìdọ̀tí omi tó ń wọ ibùdó ìfọmi Sekyere Hemang ti tó 14,000 NTU, ìwọ̀n bí omi ṣe ṣú tó, bẹ́ẹ̀ 2,000 ni ẹ̀rọ wọn lè kápá. Èmi ò sọ pé ìyẹn kéré. Ṣùgbọ́n ihò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ lọ ló ń kọ mí lóminú jù, èyí tí omi inú rẹ̀ ti tòrò, tó ń wu ọmọdé láti bẹ́ sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé mẹ́kúrì tí awakùsà dà sílẹ̀ nìkan ni májèlé ibẹ̀. Rárá o. Òkúta fúnra rẹ̀ lè bí májèlé. Pyrite ni wọ́n ń pe òkúta náà. Ó ń dán bí wúrà, irin àti imí-ọjọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí afẹ́fẹ́ àti omi kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, imí-ọjọ́ rẹ̀ á sì di irú ásíìdì tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Ásíìdì yẹn á wá máa yọ bàbà, òjé àti arsenic lára òkúta tó yí i ká. Kòkòrò àìfojúrí kan tún wà, Acidithiobacillus ferrooxidans, tó ń fi irin yìí ṣe oúnjẹ. Inú ásíìdì gan-an lara ti ń dẹ̀ ẹ́, òun ló sì ń sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún di kíákíá.

Àwa ará Kòkó àti Bantè ní Benin mọ kòtò ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ fún ọ̀nà, tí òjò kún. Ọmọ lè rì síbẹ̀, àtọ̀sí ajá sì lè mú un, àmọ́ ti ásíìdì yàtọ̀. Pípọ́n tí ilẹ̀ náà pọ́n, irin tó ti dógùn-ún láti ayébáyé ni. Òjò ti fọ imí-ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ihò kùsà tó jìn ló ń kọjá ilẹ̀ pupa, tó ń kan òkúta tí kò rí afẹ́fẹ́ rí.

Ní Butte, ní Montana l'Amẹ́ríkà, wọ́n wa bàbà nínú ihò Berkeley láti 1955 di 1982. Wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, omi ásíìdì sì gòkè nínú rẹ̀. Arìnrìn-àjò ń sanwó lọ wò ó báyìí. Pẹ́pẹ́yẹ ńlá funfun 342 bà sí i ní 1995, wọ́n kú. Ní 2016, àwọn tó kú lé ní 3,000.

Kì í ṣe gbogbo ihò Ghana ló ní ásíìdì, torí òkúta ẹfun lè pa á níbi tó bá pọ̀. Síbẹ̀, arsenic wà nínú òkúta wúrà Obuasi. Ní Jos ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ ń fi omi ihò kùsà àtijọ́ bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lójú tèmi, ó yẹ kí bébà tí a fi ń dá ásíìdì mọ̀ dé ọwọ́ irú wọn kí wọ́n tó gbin nǹkan, kò wọ́n. Arsenic ni bébà ò lè fi hàn. Ìyẹn di ilé àyẹ̀wò.