Ògiri Ọkàn àti Àwọn Awọ Tí Ó Yí I Ká

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà 'ọkàn' ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ó dúró fún ibùjókòó èrò, ó sì tún jẹ́ ẹ̀yà ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Ẹ̀yà ara yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé. Kókó wa ni pé orúkọ kan ṣoṣo, 'àrùn ọkàn', kò tó. Ibi tí àrùn fìdí sí ni a fi ń mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni ògiri ọkàn ní. Èkíní ni awọ inú, tí ó fẹ́lẹ́, tí ó sì ń dán, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn geere. Èkejì ni ẹran ọkàn, tí ó nípọn jù, tí ó ń súnkì, tí ó sì ń dẹ̀. Ẹran yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti apá ọ̀tún, nítorí pé gbogbo ara ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ dé, nígbà tí apá ọ̀tún ń tì í dé ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ẹ̀kẹta ni awọ ìta.

Àpò ọkàn ni ó yí gbogbo èyí ká. Awọ líle ni ẹ̀yìn rẹ̀; awọ fẹ́lẹ́ ni a fi tẹ́ inú rẹ̀. Láàrin awọ fẹ́lẹ́ yìí àti awọ ìta ọkàn ni omi díẹ̀ wà, nǹkan bí mílílítà 15 sí 50, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn.

Ní ọdún 1948, J. N. P. Davies ṣàpèjúwe àrùn kan ní Uganda tí ń sọ awọ inú ọkàn di àpá líle. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣègùn UCH ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀ lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ọkàn bẹ́ẹ̀ kò lè gbòòrò gba ẹ̀jẹ̀. Ikùn a wú, mímí a sì nira. A kò tíì rí oògùn tí ń pa àpá náà rẹ́.

Ikùn lè wú bákan náà bí omi bá kún àpò ọkàn tí ó sì fún ọkàn mọ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó sábà máa ń fa èyí, ó sì ṣe é wò. Oníṣègùn lè fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: aláìsàn gbọ́dọ̀ lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí àpò náà má baà gan mọ́ ọkàn lára.

Nítorí náà, ojú lásán kò lè ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọkàn ni yóò fi hàn bóyá inú ni ọ̀ràn wà, tàbí inú àpò.