Rẹfirí àti Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tí Ń Ṣàròyé

Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ohùn tí ó máa ń ròkè jù níbẹ̀ kì í ṣe ti òǹwòran, bí kò ṣe ti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bí fèrè bá ti dún sí ọmọ rẹ̀, yóò fò dìde, yóò sì máa ké sí rẹfirí. Ní Odòde níhìn-ín, àwọn òkè Ìdànrè a tún gba igbe náà sọ.

James Naismith, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onígbàgbọ́, ní Springfield ní Amẹ́ríkà, ni ó dá eré yìí sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1891. Nínú òfin 13 tí ó kọ, ó yan onídàájọ́ 2: ọ̀kan fún àwọn òṣèré, èkejì fún bọ́ọ̀lù. Ó dárúkọ balógun ikọ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá rárá!

Lábẹ́ òfin FIBA òde òní, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni ó lè bá rẹfirí sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Igbákejì rẹ̀ lè dìde kọ́ àwọn òṣèré, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bá rẹfirí sọ ohunkóhun. Balógun ikọ̀ náà lè béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, nígbà tí aago bá dúró. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí rẹfirí ń wò ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni irú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ọmọ mi ṣe?” ìbéèrè nìyẹn, ìdáhùn kúkúrú sì tọ́ sí i: “Ó di apá ẹnìkejì mú.” Ó parí. Rẹfirí tí ó bá dúró jiyàn ti sọ ara rẹ̀ di alátakò. Èyí tí ó burú jù, lójú tèmi, ni kí ó fi fèrè tí kò yẹ tu olóhùn gooro lójú. Ikọ̀ kejì yóò rí i, àwọn náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo.

Bí igbe bá ń tẹ̀lé gbogbo fèrè, rẹfirí yóò dúró de ìgbà tí aago bá dúró, yóò rìn lọ bá a láìnàka sí i, yóò sì sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé òun ti gbọ́, ó tó. Bí kò bá gbọ́, fáwù tẹ́kíníkà ni: a ó fún àwọn alátakò ní bọ́ọ̀lù kan láti jù sínú apẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Bí ìwà tirẹ̀ bá tún mú èkejì wá, yóò kúrò ní pápá. Òun náà ni a ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó jókòó ti bẹ́ǹṣì sí lọ́rùn.

Ìdí tí agbára yìí fi gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹfirí hàn ní Munich ní ọdún 1972, nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 3, Amẹ́ríkà ní 50, Sófíẹ́ẹ̀tì ní 49. Àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì figbe ta pé a kò fún àwọn ní àkókò ìsinmi tí àwọn béèrè. William Jones, akọ̀wé àgbà FIBA, sọ̀ kalẹ̀ láti ìjókòó rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a dá aago padà sí ìṣẹ́jú-àáyá 3, bẹ́ẹ̀ òfin kò fún un ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta tí wọ́n gbá a ni Alexander Belov jù ú wọlé: 51 sí 50. Renato Righetto, rẹfirí ará Brazil, kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀. Ẹlẹ́ni 5 gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. 3 lòdì sí i, 2 gbè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà wọn títí di òní. Ó ṣeé ṣe kí àròyé Sófíẹ́ẹ̀tì jẹ́ òtítọ́; ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti kúrò lọ́wọ́ onífèrè.

Ọ̀nà tí ó tọ́ wà. Níbi tí ẹ̀rọ àwòtúnwò bá wà, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè béèrè àtúnyẹ̀wò kan nínú eré. Ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa, tí kò sí ẹ̀rọ, balógun ikọ̀ ni yóò sọ fún olórí rẹfirí láàrin ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn eré pé èsì náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, yóò sì fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ láàrin wa. Bí kò bá sì fọwọ́ sí i, gbogbo igbe ọ̀gá rẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.