Owó Tí Ọmọ Fi Ránṣẹ́ Láti Ìlú Ọba: Èló Ni Ó Dé Ilé?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba ni kò gbàgbé òbí àti àbúrò. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni a fi ń san owó ilé-ìwé, òun náà ni a fi ń ra oògùn fún àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí ó kúrò lọ́wọ́ ọmọ ni ó ń dé ọwọ́ ìyá.

Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà dínkù. Èkínní ni owó iṣẹ́ tí bánkì tàbí ilé-iṣẹ́ afowóránṣẹ́ ń gbà. Èyí hàn gbangba, nítorí a ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí bánkì Lọ́ńdọ̀nù kò bá ní àjọṣe pẹ̀lú bánkì ti ilé, owó náà yóò gba ọwọ́ bánkì mìíràn kọjá, èyíinì náà sì lè bu tirẹ̀. Ọ̀nà kejì ni iye náírà tí wọ́n ń san lórí pọ́n-ùn kan. Èyí fara pamọ́, òun ni ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yé ni. Ká ní 2,000 náírà ni pọ́n-ùn kan ní ọjà. Ilé-iṣẹ́ kan ní òun kò gba owó iṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n 1,900 náírà ni ó ń san. Òmíràn ń gba pọ́n-ùn 3, ó sì ń san 1,990 náírà. Bí ọmọ bá mú pọ́n-ùn 100 lọ sí ti àkọ́kọ́, 190,000 náírà ni ìyá yóò gbà. Bí ó bá lọ sí ti èkejì, 193,030 náírà ni. Èyí tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ ni ó wọ́n jù.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pinnu pé, nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030, ìnáwó yìí kò gbọdọ̀ tó 3 nínú 100. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, Bánkì Àgbáyé rí i pé ó ṣì súnmọ́ 8 nínú 100 fún ẹni tí ó fi 200 dọ́là ránṣẹ́ sí ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, àti pé ti àwọn bánkì ni ó wọ́n jù.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ní ọjọ́ kan náà: "Náírà mélòó ni yóò dé ọwọ́ ẹni tí yóò gbà á?" Níbi tí owó iṣẹ́ kò bá yàtọ̀, ìbáà ṣe owó kékeré tàbí ńlá, ó sàn kí a fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Kí ó sì rí i dájú pé ìjọba fún ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.